Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì lẹ́nu: ìrìn-àjò wa sí Kàbà

Ọjọ́bọ̀, Ìlọrin sí Kàbà

Kí oòrùn tó yọ la ti jáde ní Ìlọrin. Ẹ́ńjìnnì Corolla tòkunbọ̀ kan wà lẹ́yìn Hilux, a fi okùn dè é mọ́ pákó, a sì ta tapólì bò ó. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Kàbà ló ní kí n bá òun ṣa èyí tó dáa. Àbúrò mi ló ń wakọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ okùn wò níbi gbogbo tí a bá ti dúró.

Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán, Erùkù, kò sí ìyọnu. Ẹ̀gbẹ̀ la ti wọ Kogí, ibẹ̀ náà ni ihò ti bẹ̀rẹ̀. Jíà kìíní, jíà kejì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á lọ. Ká tó dé Ìsánlú, tírélà kan rì sínú kòtò láàárín títì, gbogbo ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun níbẹ̀, ara ò rọ ẹnikẹ́ni. Ibi tí a jókòó sí náà ni àbúrò mi ti fa fóònù yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan."

Fídíò ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Amẹ́ríkà ni, Shockwave ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, irú èyí tó ń gbé bàálù, ni wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tu èéfín, iná bú jáde, ó gbéra, ó di àwátì. Ọkọ̀ akẹ́rù yẹn máa ń sá kọjá 500 km/h kí ìjàǹbá tó bà á jẹ́ lọ́dún 2022.

"Tí wọ́n bá gbé èyí àti ọkọ̀ drag sójú ìlà kan náà ńkọ́? Èwo ló máa na èkejì?"

Mo ní ọkọ̀ drag ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré kúkúrú lójú ọ̀nà tó tọ́. Ó ní ṣé mi ò rí iná ni. Mo ní iná kọ́ ló ń sáré. Ó ní kí ló wá ń sáré. Wọ́n fa tírélà jáde, a gbéra, a ò sì dákẹ́ títí a fi kọjá Mọpà àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti sá kajú sórí tapólì lẹ́bàá títì. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Kàbà.

"Ọ̀kun o! Ẹ kú ewu ọ̀nà," Bọ̀dá ní. Ó ti tú okùn ẹ́ńjìnnì kó tó béèrè bóyá a ti jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá

Lábẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n fi ṣéènì sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, lórí táyà àlòkù. Bọ̀dá ò sọ̀rọ̀. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ra ọ́ìlì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sójú oòrùn bóyá irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀. Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tò wọ́n sórí àkísà bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní.

"Wọn ò lù ọ́ ní jìbìtì," ó ní. Ìyìn ńlá nìyẹn lẹ́nu rẹ̀.

Àbúrò mi ti ro ẹjọ́ wa fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kí n tó mu tíì tán. Wọ́n pín sí méjì. Àwọn tó pọ̀ jù wà lẹ́yìn jẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí wọ́n wo ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ yẹn: agbára rẹ̀ kò ju bí 130 ẹṣin lọ, ọkọ̀ tó ń gbé sì lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù kan. Top Fuel, tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọkọ̀ drag, òun náà kò wúwo ju Corolla lọ. Wọ́n fojú bu agbára tirẹ̀ sí 11,000.

"Ẹ ní mélòó?"

Mo tún un wí.

Ohun tó dùn mọ́ Bọ̀dá jù ni pé ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. V8 ni, ìyẹn sílíńdà mẹ́jọ, lítà 8.2, ara ẹ́ńjìnnì Hemi tí Chrysler ṣe láyé àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti mú ìrísí rẹ̀. Fáàfù méjì péré ló wà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Òfin eré náà kò sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa dá pinnu iye epo tó máa wọlé bí ọkọ̀ bá ti ń sá. Bọ̀dá, tó máa ń bú àwọn ọkọ̀ òde òní pé ọpọlọ wọn pọ̀ ju ẹsẹ̀ wọn lọ, rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn.

Inú epo ni àṣírí rẹ̀ wà. Nitromethane ni ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún epo Top Fuel, methanol ni ìyókù. Bẹntiróòlù kìlógíráàmù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kìlógíráàmù 14.7 kó tó jó dáadáa. Nitromethane kò fẹ́ ju 1.7 lọ, torí ó ti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání láti ilé. Afẹ́fẹ́ kan náà tó wọ inú sílíńdà, ẹ lè da nitro tó ju ìlọ́po mẹ́jọ bẹntiróòlù lé e lórí. Òótọ́ ni pé ooru inú kìlógíráàmù nitro kan kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti bẹntiróòlù lọ, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: agbára tó jáde nígbẹ̀yìn ṣì ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ̀rọ kan tún wà lórí ẹ́ńjìnnì tó ń fi tipátipá ki afẹ́fẹ́ bọ inú rẹ̀. Eré ẹyọ kan, pẹ̀lú táyà tí wọ́n kọ́kọ́ ń sun ṣáájú eré, ń jẹ epo bíi lítà 45 sí 57. Hilux wa kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ láti Ìlọrin dé Kàbà. Mítà 305 péré sì ni eré ọ̀hún.

"Jíà mélòó ló ní?" Bọ̀dá bi mí.

Kò ní jíà tí wọ́n ń pa lójú eré. Klọ́ọ̀ṣì ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Àwo klọ́ọ̀ṣì náà pọ̀, wọ́n tò ó léra, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń di ara wọn mú bí ọkọ̀ ti ń lọ, torí bí wọ́n bá jẹ́ kí agbára yẹn dé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, táyà yóò kàn máa yí sójú kan ni. Kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ ti kọjá 160 km/h. Ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 3.7 ó ti parí, pẹ̀lú eré tó lè ju 530 km/h lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀: pọ́lọ́ọ̀gì 16 (méjì méjì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní), àwo klọ́ọ̀ṣì, bíárìn, wọ́n á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n á pààrọ̀ èyí tó yẹ, wọ́n á tún un tò kí eré tó kàn tó dé, nígbà míì láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀.

Bọ̀dá wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Camry kan ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sọ nǹkan kan, àwọn náà ò sì wojú rẹ̀.

Fọkanáísà tó wà lódìkejì títì dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí a dé orí táyà. Ó ní afẹ́fẹ́ táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á lé ní 60. Mo ní 6 tàbí 7 ni, kì í ṣe 60. Ó ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mú un wá sídìí táyà Corolla kan tó ti rọ̀, mo ní kó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tí ọkọ̀ drag bá gbéra, bí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn ṣe ń ká jọ nìyẹn, táyà á wá tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀, á sì fẹ ẹsẹ̀ mú títì. Bí eré bá ti pọ̀, táyà kan náà á gùn sókè, á dín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á ti da omi sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á yí táyà nínú rẹ̀ títí rọ́bà á fi gbóná tí á máa lẹ̀. Ojú títì gan-an, wọ́n ti fọ́n nǹkan tó ń lẹ̀ sí i. Páìpù èéfín náà, òkè ló dojú kọ, kí èéfín tó ń tú jáde lè máa ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yẹn, torí kí ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn má bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ ni.

"Awakọ̀ ńkọ́, ibo ló ń jókòó sí?"

Iwájú ẹ́ńjìnnì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1970, ohun tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn fọ́ lábẹ́ Don Garlits ní California, ó gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti ń ro bó ṣe máa gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1971, ó ti ń fi ọkọ̀ tuntun náà na àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ṣe é bíi tirẹ̀.

Àbúrò mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n sọ ti jẹ́ẹ̀tì. Mo ya okùn afẹ́fẹ́ fọkanáísà, mo gbé e sílẹ̀ gbalaja, mo ní kó ṣí i pátápátá. Okùn náà fò sókè, ó ń lu ilẹ̀ kiri, ọmọ iṣẹ́ kan sá wọ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ mu níwájú, ó ń fún un mọ́ra, ó ń dá iná sí i, ó ń tì í jáde lẹ́yìn, ohun tó tì jáde yẹn ló sì ń ti òun náà síwájú. Kò bẹ ilẹ̀. Kò bẹ táyà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kàn ń yí ni. Iná gígùn tó ń dẹ́rù bani nínú fídíò, epo tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà sínú èéfín kí òǹwòran lè pariwo ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbígbéra jẹ́ẹ̀tì kò gbóná tó ti drag. Àwọn ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi ṣeré lórí títì drag ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá 5 lórí mítà 402. Nítorí náà, lórí mítà 305, Top Fuel ti parí, ó ti ta páráṣúùtù tó fi ń dúró, kí jẹ́ẹ̀tì tó dé.

"Tí ọ̀nà bá gùn ńkọ́?" àbúrò mi ní.

Mo ní ibẹ̀ yẹn ló ti jàre. Ó fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ògìdì

A lọ kí àǹtí ìyàwó mi ní Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú. Àwọn àpáta, ilé tó sún mọ́ra wọn, òfì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí ń hun aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ra èyí tó wà lórí òfì, wọ́n ní ẹnì kan ní Àbújá ti sanwó rẹ̀.

Ọmọ àǹtí mi yìí, obìnrin, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Kàbà, bi wá bóyá ọkùnrin nìkan ló ń ṣe eré tí à ń jà lé lórí. Ó dùn mọ́ mi pé mo ní èsì. Shirley Muldowney gba ìwé àṣẹ Top Fuel lọ́dún 1973, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á, ó sì gba adé ọdún ní 1977, 1980 àti 1982. Láyé ìsinsìnyí, Brittany Force gbà á ní 2017 àti 2022. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà nínú àgbàlá tóóró yẹn láìfa ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àìkú, Kàbà

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, iyán. Bàbá ìyàwó mi wa lọ́rì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú tó sú wọn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ariwo wa láti ọjọ́ Ẹtì, wọn ò dá sí i. Wọ́n fọ ọwọ́ tán, wọ́n ní:

"O ti sọ bó ṣe ń lọ. Báwo ló ṣe ń dúró?"

Ìbéèrè yìí kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní Top Fuel ní páráṣúùtù méjì, ó sì ní búrékì lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n ní tí páráṣúùtù ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́. Mo sọ ti Scott Kalitta, awakọ̀ drag kan, fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ní Englishtown ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bú gbàmù nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, ọkọ̀ ò dúró, ó sá kọjá gbogbo àyè ìdúró, ó sì kú. Kí oṣù méjì tó pé ni NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà láti 1951, ti gé ọ̀nà àwọn ọkọ̀ tó lágbára jù láti mítà 402 sí 305. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá a títí di òní.

"Jẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

Ìtàn Craig Breedlove ló bá ìyẹn mu. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1964, ó sá 526 máìlì ní wákàtí kan, bíi 847 km/h, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní Utah. Bó ṣe fẹ́ dúró, páráṣúùtù já dànù. Ó tẹ búrékì, búrékì jóná. Ọkọ̀ gé òpó tẹlifóònù, ó gun orí ebè kan, ó fò bọ́ sínú adágún omi iyọ̀. Ọkùnrin náà yọ ara rẹ̀, ó lúwẹ̀ẹ́ jáde, ó sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ó padà síbẹ̀, ó sì kọjá 600 máìlì.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Èmi ò bẹ̀rù ẹ́ńjìnnì rí. Búrékì ni mo máa ń bẹ̀rù." Wọ́n wá sọ ti lọ́rì kan tí búrékì rẹ̀ já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Òkénè, bí wọ́n ṣe fi jíà mú un, tí wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha ògiri òkè títí ó fi dúró. Ẹrù iṣu ni. Wọ́n ní iṣu kan ò ṣẹ́. Màmá ti yára wọ ilé ìdáná kí ìtàn náà tó parí, ó ṣe bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

Bàbá fẹ́ mọ èyí tó yára jù nínú gbogbo wọn. ThrustSSC ni, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí Richard Noble ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá náà ni, ọdún 1997 ni tirẹ̀, ní aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada. Andy Green, awakọ̀ òfuurufú, ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Spey méjì, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sínú bàálù ogun Phantom, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Ó sá 1,228 km/h, ó yára ju ìró lọ, 50 ọdún àti ọjọ́ kan lẹ́yìn tí Chuck Yeager fi bàálù ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kì í ka eré ẹyọ kan: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ, kó sì bọ̀ láàárín wákàtí kan, kí wọ́n tó ro eré méjèèjì pọ̀, kí wọ́n pín in sí méjì, kí afẹ́fẹ́ má baà ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní rọ́bà, alumíníọ́mù gidi ni, torí rọ́bà á fà ya nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì fi ń yà, kì í ṣe ti iwájú.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn?" Bàbá wo ọ̀pá wọn. "Wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run."

Ọjọ́ Ajé, Kàbà sí Ọbájànà sí Lọ́kọ́ja

A gba Lọ́kọ́ja padà, kí a lè rí ọ̀nà kọnkéré. Kìlómítà 43 láti Ọbájànà dé Kàbà, kọnkéré ni ilé iṣẹ́ Dangote fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹni tó bá ti Ẹ̀gbẹ̀ wá bíi tiwa á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu. Ọ̀dà máa ń rọ̀ nínú oòrùn, tírélà sìmẹ́ńtì á tẹ ojú ẹsẹ̀ sí i, omi á dúró níbẹ̀, ihò á bẹ̀rẹ̀. Kọnkéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà á kàn máa dún tùkù, tùkù lórí oríkèé ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Nítorí ohun kan náà ni wọ́n fi ń da kọnkéré síbi tí ọkọ̀ drag ti ń gbéra, kódà níbi tí ìyókù ọ̀nà ti jẹ́ ọ̀dà. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́, kó má sì yẹ̀ lábẹ́ táyà. Mo sọ fún àbúrò mi pé ó ń wakọ̀ lórí ohun tí ọkọ̀ drag ń gbàdúrà fún. Ó ní ẹni tó bá lọ sá drag láàárín tírélà Ọbájànà, àdúrà míì ni kó gbà.

Níbi tí ọ̀nà ti tọ́, tí kò sí ọkọ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn, a dúró, a gbéra bó ṣe yẹ, mo fi fóònù ka àkókò títí mítà fi fi 0.3 kìlómítà hàn. Ìṣẹ́jú àáyá 14 àti díẹ̀, Hilux ń ráhùn. Top Fuel á ti sá ibẹ̀ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ ìgbà mẹ́rin.

Jẹ́ẹ̀tì kò nílò kọnkéré. Ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́, tó sì gùn, ló nílò, irú rẹ̀ sì wà ní Áfíríkà. Ní Hakskeen Pan ní gúúsù Áfíríkà, àwọn ará àdúgbò tó ju 300 lọ ni wọ́n gbà síṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣa òkúta tó tó tọ́ọ̀nù 16,500 kúrò nílẹ̀ nítorí ọkọ̀ Bloodhound. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Andy Green kan náà sá 1,010 km/h níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì bàálù ogun Typhoon. Bí ẹnikẹ́ni bá fún mi lówó ìrìn-àjò, ibẹ̀ ni màá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé drag ni mò ń ṣe lẹ́yìn.

Èéfín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti hàn nígbà tí àbúrò mi tún gbé e dé.

"Ẹ̀gbọ́n, tí a bá ní kí àwọn méjèèjì sá láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja ńkọ́?"

Mo ní epo drag á tán kó tó kúrò ní Kàbà. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí n sọ ti jẹ́ẹ̀tì. Mo ní ThrustSSC ń mu bíi lítà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó bá ń sá tokuntokun, yóò sì gba kìlómítà 43 yìí kọjá ní bíi ìṣẹ́jú méjì. Ó ṣírò rẹ̀ lórí fóònù níbi tí wọ́n ti dá wa dúró: ó lé ní lítà 2,000. Ó fi iye tí a ra epo ní Kàbà sọ ọ́ di náírà, ó wo ó, ó pa fóònù.

"Kọ́nà tó wà níwájú yìí náà ńkọ́," mo ní, "ṣé ó lè yà á?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ra epo tiwa," ó ní, ó sì yà sínú ilé epo.